Ẹlẹ́ṣin Idẹ Ìlú Lima: Ìbéèrè Lórí Ère Ẹni Tí Ó Tẹ Ìlú Dó

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ni wọ́n ní òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Ẹṣin tí mo mú wá sí àárín àwùjọ yìí kì í ṣe ẹṣin òwe. Ẹṣin idẹ ni. Ọkùnrin kan tí ó dé akoto ogun ni ó wà lórí rẹ̀, idà sì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ìlú Lima, tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni ẹlẹ́ṣin yìí wà. Francisco Pizarro ni orúkọ rẹ̀, ará Sípéènì tí ó tẹ Lima dó ní ọjọ́ 18, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1535.

Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2003, ìròyìn dé etí wa pé ìgbìmọ̀ ìlú Lima ti gbé ère náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ìjọba. Lítíréṣọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí òyìnbó ti jẹ gàba lé lórí ni mo ń kọ́ni nígbà náà. Mo fi ayọ̀ sọ fún kíláàsì mi pé ẹjọ́ ti parí, pé ẹni tí ó pa ọba onílẹ̀ kò ní í gun ẹṣin lẹ́nu ọ̀nà ààfin mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ibo ni wọ́n gbé e lọ?” N kò ní èsì. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò fi mí sílẹ̀ láti ọjọ́ náà wá, nítorí pé òun gan-an ni ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ lítíréṣọ̀ kọ́kọ́ bèèrè.

Àbá tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ kò ṣòro. Ère tí a gbé sí ìta gbangba dàbí àyọkà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í yí padà. Ohun tí ó ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà ni ibi tí a gbé e sí, àwọn tí ó gbé e síbẹ̀, àti ohun tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ère ń wí, kí ó má ṣe wo ojú ère nìkan. Kí ó wo ilẹ̀ tí ère dúró lé.

Kí ni a ń pè ní ìtẹ̀dó?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà, “ìtẹ̀dó”, wò. Ìlú Trujillo, ní ìwọ̀-oòrùn Sípéènì, ni wọ́n ti bí Pizarro. Ọmọ tí ọmọ-ogun kan bí síta ni, kò sì kàwé rárá. Ní ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá, ọdún 1532, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọn kò tó 200 mú Atahualpa, ọba àwọn Inca, ní ìlú Cajamarca. Atahualpa ṣèlérí pé òun yóò fi wúrà kún yàrá kan, òun yóò sì fi fàdákà kún un lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n lè tú òun sílẹ̀. Wọ́n gba wúrà, wọ́n gba fàdákà, wọ́n sì pa á ní 1533. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn èyí tí Pizarro fi tẹ Lima dó.

Lójú àwọn ará Sípéènì ìgbà náà, ọ̀rọ̀ òfin àti ọ̀rọ̀ ìwé ni ìtẹ̀dó jẹ́. Wọn a yan ilẹ̀, wọn a fi okùn wọ̀n ọ́n, wọn a pín in sí igun mẹ́rin mẹ́rin, kí òpópónà tí ó tọ́ lè la àárín wọn kọjá. Ní Lima, irú igun bẹ́ẹ̀ jẹ́ 117. Wọn a ya gbàgede ńlá sọ́tọ̀, wọn a fún ilé ìjọsìn ní ilẹ̀ tirẹ̀, wọn a fún gómìnà ní tirẹ̀, wọn a yan ìgbìmọ̀ ìlú, akọ̀wé a sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí kò mọ̀wé kọ ni ó fi ìwé dá ìlú sílẹ̀. Akọ̀wé ni ó máa ń bá Pizarro kọ orúkọ rẹ̀. Òun a wá fa àmì tirẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì orúkọ náà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n fi okùn wọ̀n yìí kì í ṣe igbó tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. Àfonífojì odò Rímac ni. Taulichusco ni orúkọ baálẹ̀ tí Pizarro bá níbẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti la ojú omi sí oko wọn, wọ́n sì ní ibi ìbọ wọn. Huaca Pucllana, òkìtì ńlá tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ mọ, ti wà ní àfonífojì yìí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun Peru, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Orúkọ ìlú pàápàá jẹ́rìí sí i. “Ìlú Àwọn Ọba” ni Pizarro sọ ọ́, ní ìrántí àwọn amòye mẹ́ta tí wọ́n lọ kí Jésù ní ọmọ ọwọ́. Orúkọ náà wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò wà lẹ́nu ènìyàn. Orúkọ odò ni ó borí. Láti ara Rímac ni Lima ti wá, ohun tí Rímac sì túmọ̀ sí ní èdè Quechua ni “ẹni tí ń sọ̀rọ̀”. Ẹ fi ìtumọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Ta ni ó ṣe ère náà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé àwọn ará Sípéènì ayé àtijọ́ ni wọ́n gbé ère yìí kalẹ̀, tàbí àwọn ọmọ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ṣe é. Charles Cary Rumsey ni orúkọ rẹ̀, ìlú Buffalo ni wọ́n ti bí i ní 1879. Ó fẹ́ràn ẹṣin púpọ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù. Ó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní 1922. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni opó rẹ̀, Mary Harriman Rumsey, fi ẹ̀dà ère náà ta ìlú Trujillo ní Sípéènì lọ́rẹ ní 1929. Ẹ̀dà mìíràn ni ó di ti Lima ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1935, nígbà tí ìlú náà pé 400 ọdún. Opó náà fúnra rẹ̀ kò rí ọjọ́ ìṣíde yìí. Ó ti kú ní ìparí 1934.

Ìtàn kan wà tí àwọn ará Lima fẹ́ràn láti máa sọ. Wọ́n ní ère yìí kì í ṣe ti Pizarro rárá. Wọ́n ní ti Hernán Cortés, ajagunṣẹ́gun Mẹ́síkò, ni, pé Mẹ́síkò ni ó kọ̀ ọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Pizarro, tí wọ́n sì gbé e fún Lima. Ìtàn tí ó dùn ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ní 1915, níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní San Francisco, Rumsey ti pàtẹ Pizarro rẹ̀ lórí ẹṣin, ère Cortés tí Charles Niehaus ṣe sì wà níbẹ̀ lọ́tọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a da ìtàn irọ́ náà nù, nítorí pé lámèyítọ́ a máa rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú irọ́. Ohun tí ó jẹ́ kí ó rọrùn fún àwọn ènìyàn láti gbà á gbọ́ ni pé ère náà kò ní ojú ẹnì kan pàtó. Akoto wà, ìyẹ́ wà lórí akoto, ìhámọ́ra wà lára ẹṣin àti lára ènìyàn, idà wà. Bí a bá yọ orúkọ kúrò, ajagunṣẹ́gun èyíkéyìí ni.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí òkú Pizarro pàápàá. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 1541, àwọn ọmọlẹ́yìn Almagro, tí ó ti jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí, fi idà pa á nínú ilé rẹ̀ ní Lima. Ní 1891, wọ́n gbé òkú gbígbẹ kan sínú àpótí onígíláàsì ní kàtídírà Lima, wọ́n ní òun nìyẹn. Ó lé ní 80 ọdún tí àwọn ènìyàn fi ń wò ó. Ní 1977 ni àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tún ibẹ̀ ṣe rí àpótí òjé kan lábẹ́ kàtídírà, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé orí Pizarro ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ egungun náà wò, wọ́n bá ojú ọgbẹ́ idà lára rẹ̀, wọ́n sì rí i pé òkú ẹlòmíràn ni ìlú ti ń bọlá fún láti ìgbà náà wá. Ohun tí ìlú ń bọlá fún kì í sábà jẹ́ ènìyàn. Orúkọ ni, àti ohun tí àwọn alágbára fẹ́ kí orúkọ náà máa wí.

Ìrìn-àjò ère láti ibì kan dé ibòmíràn

A lè wá dá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi lóhùn báyìí. Ibo ni wọ́n gbé e lọ?

Ní 1935, iwájú kàtídírà ni ère náà dúró, ní ojú gbàgede ńlá. Ẹlẹ́ṣin, idà àti ilé Ọlọ́run wà pa pọ̀ nínú ìwòye kan. Ohun tí ó ń wí níbẹ̀ ni pé ìṣẹ́gun àti ìgbàgbọ́ jọ dé ni, àti pé ẹ̀bùn ni méjèèjì. Ní 1952, wọ́n gbé e lọ sí gbàgede kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ìjọba. Ilẹ̀ tí Pizarro yàn fún ilé ara rẹ̀ ni ààfin náà wà. Níbẹ̀, ẹlẹ́ṣin náà ń wí pé òun ni baba ìjọba, pé ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó nínú ilé yẹn, àga òun ni ó jókòó lé. Nǹkan bí 50 ọdún ni ó fi wí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Peru kò fara mọ́ ọn. Àwọn tí baba ńlá wọn ti wà ní ilẹ̀ náà kí Pizarro tó dé kò rí ìdí tí ọmọ wọn yóò fi máa gbójú sókè wo idà tí a fi ṣẹ́gun wọn. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ẹni tí ó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kó o kò lè gbàgbé. Ní 2003, nígbà tí Luis Castañeda jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n gbé ère náà kúrò, wọ́n sì sọ gbàgede náà ní Plaza Perú. Ní 2004, wọ́n gbé e sí ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣe sí ibi àwókù odi ìlú, létí odò Rímac. Kò sí lórí pèpéle gíga mọ́. Ẹlẹ́ṣin sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, láàrin àwọn ọmọdé tí ń ṣeré.

Ìgbà tí mo mọ èyí ni mo rò pé mo ti rí èsì. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ère náà ti di ohun àtijọ́ láàrin ohun àtijọ́. Mo ṣe àṣìṣe. Ní ọjọ́ 18, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, tí Lima pé 490 ọdún, olórí ìlú nígbà náà, Rafael López Aliaga, gbé ère náà padà sí àárín ìlú, sí Pasaje Santa Rosa, tí kò jìnnà sí gbàgede ńlá. Olórí ìjọba agbègbè Madrid, Isabel Díaz Ayuso, wà níbi ayẹyẹ náà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan fi ẹ̀hónú hàn. Ẹjọ́ tí mo sọ pé ó ti parí ní 2003 kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Wọn kò dá ère lẹ́jọ́. Wọ́n kàn gbé e pamọ́ ni, ohun tí a bá sì gbé pamọ́, ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà lè gbé e jáde.

Àwọn tí ère kò dárúkọ

Nǹkan kan wà ní Pasaje Santa Rosa tí ó yẹ kí a fi ojú sí. Ní 1985, tí ìlú pé 450 ọdún, ìgbìmọ̀ ìlú, lábẹ́ Alfonso Barrantes, gbé òkúta ńlá kan síbẹ̀ ní ìrántí Taulichusco. Òkúta náà kò ní ojú, kò ní ọwọ́, kò gun ẹṣin. Láti 2025, ẹni tí ó gba ilẹ̀ àti ẹni tí a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti wà ní ojú ọ̀nà kan náà. Ọ̀kan ní ojú, idà àti orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀. Èkejì jẹ́ òkúta.

Àwọn mìíràn sì wà tí kò ní òkúta pàápàá níbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn kan àwa tí a jókòó síhìn-ín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ará Sípéènì ti kó aláwọ̀ dúdú wọ Peru. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn Lima ní 1593, nǹkan bí ìdajì wọn ni ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ọwọ́ wọn ni ó mọ ilé, tí ó gbẹ́ ilẹ̀, tí ó se oúnjẹ ìlú tí a ní Pizarro tẹ̀ dó. Ní 1791, ìwé ìròyìn Mercurio Peruano to orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Áfíríkà ní Lima pín ara wọn sí, a sì rí orúkọ Lucumí nínú wọn. Lucumí ni orúkọ tí àwọn ará Sípéènì fi ń pe àwọn tí a kó láti ilẹ̀ Yorùbá àti àyíká rẹ̀. Kúbà ni orúkọ náà ti gbilẹ̀ jù. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣin yìí, n kò sọ ọ́ bí àlejò tí ń dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé.

Ère àti oríkì

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣé àwa náà kì í yin jagunjagun ni? A ń yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí oríkì ti ń ṣiṣẹ́. Nínú oríkì àwọn ológun wa, apohùn kì í fi ìwà líle pamọ́. Ó ń dárúkọ ìlú tí akọni fọ́, ó ń dárúkọ ẹni tí ó sọ di ẹrú, ó sì ń sọ ibi tí ọwọ́ ti tẹ akọni fúnra rẹ̀. Ìyìn àti ẹ̀sùn máa ń gbé inú gbólóhùn kan. Lẹ́yìn èyí, oríkì nílò ẹnu. Apohùn ti òní lè fi kún ohun tí apohùn àná sọ, ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí i sì lè fèsì.

Ère idẹ kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a dà á, ohun kan ṣoṣo ni ó sì ń wí. Kò lè dárúkọ Atahualpa, kò lè dárúkọ Taulichusco, kò lè dárúkọ Lucumí. Ère yìí kan náà wà ní Trujillo, ní gbàgede ìlú tí a ti bí Pizarro, ohun tí ó ń wí níbẹ̀ sì ni pé ọmọ wa lọ sí òkèèrè, ó sì di ènìyàn ńlá. Nígbà tí irin-ọ̀rọ̀ kan náà dé Lima, ó di ọ̀rọ̀ ọ̀gá sí ẹrú. Idẹ kò yàtọ̀. Ilẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Kí ni kí a wá ṣe? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn kan ní kí a yọ́ idẹ náà. Àwọn kan ní kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí pé ìtàn ni. N kò fara mọ́ èkejì, nítorí pé ère kì í ṣe ìtàn; ìpinnu tí àwọn ènìyàn ṣe ní 1935, ní 1952, àti ní 2025 ni. N kò sì ní ìgboyà tí mo ní ní 2003 mọ́ láti sọ pé kí a ṣáà gbé e kúrò. Mo ti rí i pé ohun tí a gbé kúrò láìsọ̀rọ̀ lé lórí a máa padà wá láìtọrọ àyè.

Ohun tí mo ń bèèrè fún ni kí a fún ère náà ní ohun tí gbogbo oríkì ní, èyíinì ni èsì. Kí a kọ orúkọ Taulichusco sí ibi tí ẹni tí ń wo ẹlẹ́ṣin yóò ti rí i. Kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé a gba wúrà lọ́wọ́ Atahualpa, a sì tún pa á. Kí a kọ ọ́ pé ọmọ Áfíríkà ni ìdajì àwọn tí ó gbé ìlú náà ró. Kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n bèèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹni tí ó tẹ ìlú dó bá tóbi tó bí àwọn olùgbèjà rẹ̀ ti ń wí, kò yẹ kí orúkọ àwọn wọ̀nyí bà á lẹ́rù.

Bí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wà níhìn-ín lónìí, ó ti di àgbà, èsì tí mo jẹ ẹ́ láti 2003 nìyí: wọn kò gbé e lọ síbì kankan, ojú wa ni wọ́n gbé e kúrò. Ère kò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ “ẹni tí ń sọ̀rọ̀” ni ó yẹ kí ó sọ ọ́.